Hùdù iwájú lẹ́ńsì: ìgbà tó yẹ kó wà níbẹ̀, ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ yọ ọ́, àti ìdí ẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń fi kámẹ́rà jẹun, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tiyín, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa rọ́bà dúdú tó máa ń wà lórí lẹ́ńsì yẹn, lens hood, hùdù lásán ni mo máa máa pè é látibí lọ. Tẹ́ ẹ bá dé òde ìnáwó èyíkéyìí lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wo ọwọ́ àwọn fótógíráfà, ẹ máa rí lẹ́ńsì olówó gọbọi tí hùdù wà lára ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n kọjú ẹ̀ sí, bó ṣe wà nínú báàgì náà ló ṣe wà, ó ti bo òrùka tí wọ́n fi ń zoom, ẹni náà wá ń ti ìka bọ abẹ́ rọ́bà kó tó lè yí i. Hùdù tó wà báyẹn ò ṣiṣẹ́ kankan. Ó sì máa ń dùn mí, torí kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀ kan, kí wọ́n kàn yọ ọ́, kí wọ́n kọjú ẹ̀ síwájú, kí wọ́n lọ́ ọ títí á fi dún "kọ́", ó parí.

Iṣẹ́ ẹ̀ ò le láti ṣàlàyé, akẹtẹ̀ ni hùdù jẹ́ fún lẹ́ńsì. Ìmọ́lẹ̀ tí kò sí nínú fọ́tò tẹ́ ẹ fẹ́ yà, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ tàbí òkè ló ti ń bọ̀, hùdù ò ní jẹ́ kó balẹ̀ sórí gíláàsì. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, orí ìyẹn náà ló dúró lé: ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú fọ́tò, tiyín ni, ẹ lò ó bó ṣe wù yín, èyí tí kò sí nínú fọ́tò àmọ́ tó ń yọ́ wọnú lẹ́ńsì, ẹ dínà mọ́ ọn.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ yẹn ń bà jẹ́

Lẹ́ńsì kì í ṣe gíláàsì kan ṣoṣo o. Canon 50mm f/1.8 STM tí ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀, kékeré yẹn, gíláàsì 6 ló wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé orí 24-70mm f/2.8L II, ó ti di 18, 70-200mm f/2.8L IS II sì ní 23. Gíláàsì kọ̀ọ̀kan ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, gíláàsì tí wọn ò sì fi nǹkan kan pa lójú, tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kan iwájú ẹ̀, á dá nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 padà, tó bá tún fẹ́ jáde lẹ́yìn, á tún dá nǹkan bẹ́ẹ̀ padà. Lọ́dún 1935 ni Alexander Smakula tó ń ṣiṣẹ́ ní Zeiss ní Jámánì rí ọgbọ́n dá sí i, ó fi nǹkan tó fẹ́lẹ́ gan-an pa gíláàsì lójú kí ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lè dín kù, ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n sì ń tún ṣe títí dòní, òun ló fà á tẹ́ ẹ fi ń rí àwọ̀ ewé tàbí àlùkò lójú lẹ́ńsì tẹ́ ẹ bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tí wọ́n ń fi pa á báyìí dáa débi pé ohun tó ń ta padà ò pé ìdá kan nínú 100 mọ́. Àmọ́ kékeré oòrùn kì í ṣe kékeré, tí ìmọ́lẹ̀ bá sì ti ń ta láti gíláàsì kan sí èkejì nínú ihò tí gíláàsì 18 wà, ibì kan ló máa já sí, orí fọ́tò yín náà sì ni.

Oríṣi ìbàjẹ́ méjì ló máa ń ṣe, flare ni wọ́n ń pè é. Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni àwọn róbótó-róbótó ìmọ́lẹ̀ tó máa ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ látinú igun kan fọ́tò bọ́ sí igun kejì, nígbà míì ó máa ń ní ẹ̀gbẹ́ 7 torí pé irin pẹlẹbẹ 7 ló yí ihò inú lẹ́ńsì yẹn ká. Ìyẹn ò dùn mí púpọ̀ torí ojú rí i, ẹ máa rí i lójú skírììnì, ẹ máa yẹra díẹ̀, ó lọ nìyẹn. Ìkejì ló burú, torí kì í fara hàn. Gbogbo fọ́tò á kàn fẹ́ funfun díẹ̀, dúdú ò ní dúdú dáadáa mọ́, àwọ̀ á ṣì, ẹ máa wo fọ́tò yẹn nílé, ẹ máa sọ pé lẹ́ńsì yìí ò sharp, àbí focus ló ṣì, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye tí lẹ́ńsì tuntun ń lọ. Lẹ́ńsì ò ṣe nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ ló wọ ọ́ lójú.

Ibi tó ti kan àwa gan-an nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọkàn sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó ṣáko wọlé yìí kì í mú ibì kan, ńṣe ló máa ń dà sórí gbogbo fọ́tò. Tó bá dà sórí léèsì funfun, ẹ ò ní mọ̀, torí ibẹ̀ ti mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó bù kún un ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ti wà níbẹ̀. Àmọ́ tó bá dà sórí ibi tó ṣú, irun orí, kóòtù dúdú ọkọ ìyàwó, abẹ́ gèlè, ojú èèyàn dúdú, ohun tó bù kún un lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ara àwa dúdú ló máa ń kọ́kọ́ hàn. Àwọ̀ tó ń dán, tó jinlẹ̀, tó ní pupa díẹ̀ nínú dúdú ẹ̀, á wá rí eérú-eérú. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé àwọn tó dúdú gan-an máa ń ṣòro yà, rárá o, kò sóhun tó ṣe àwọ̀ wọn, àwọ̀ tó rẹwà ni, kẹ́ ẹ dáàbò bo dúdú inú fọ́tò yín kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ó ṣòro. Lightroom tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà ò sì lè dá gbogbo ẹ̀ padà, ẹ lè fa Dehaze, ẹ lè fa Blacks, ó máa gbìyànjú, àmọ́ ibi tó ṣú yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ní hóró-hóró, àwọ̀ ojú á sì le koko.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ nílò ẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo ibi tí oòrùn wà kí wọ́n tó pinnu. Ẹ má wo oòrùn, ẹ wo ojú lẹ́ńsì. Ẹ mú kámẹ́rà bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ fi yà á gan-an, kẹ́ ẹ wá yọrí wo gíláàsì iwájú látẹ̀gbẹ́, tàbí kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín gbé iná wò ó. Tí ìmọ́lẹ̀ bá jókòó sórí gíláàsì yẹn, tó ń dán yinrin, tí orísun ìmọ́lẹ̀ náà ò sì sí nínú fọ́tò, ẹ nílò hùdù.

Ọ̀nà kejì tún yá ju ìyẹn lọ. Ẹ gbé ojú lé kámẹ́rà, ẹ wá na àtẹ́lẹwọ́ òsì sókè lẹ́ńsì, lápá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, kó bo gíláàsì láìwọ inú fọ́tò. Ẹ mú un kúrò, ẹ dá a padà. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe ń bò ó ni dúdú ń dúdú sí i tí aṣọ sì ń mú àwọ̀, ẹ ti rí iṣẹ́ tí hùdù fẹ́ bá yín ṣe pẹ̀lú ojú ara yín. Ẹni tó bá ń lo kámẹ́rà mirrorless, èyí tí kò ní dígí nínú, máa rí i kedere lójú skírììnì kó tó tẹ bọ́tìnì rárá.

Ẹ gbé tọkọtaya kan síwájú hóòlù ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, oòrùn wà lẹ́yìn wọn lápá òsì, ó fi díẹ̀ ga ju ibi tí fọ́tò yín parí sí lọ. Aṣọ òkè wine ni wọ́n wọ̀, okùn sílífà wà nínú ẹ̀. Láìsí hùdù, wine yẹn á di pupa tó rẹ̀, okùn sílífà á dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ ò ní rí ìlà ìránṣọ fìlà ọkọ ìyàwó mọ́. Ẹ fi hùdù sí i, ẹ má yí nǹkan míì padà, ISO kan náà, f (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó) kan náà: wine á padà di wine, ẹ máa rí ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan gbà kọjá, ìmọ́lẹ̀ etí gèlè tí oòrùn ń fún wọn látẹ̀yìn á ṣì wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa hùdù nìyẹn, kì í gba oòrùn lọ́wọ́ yín, ìdọ̀tí ẹ̀ ló ń gbà.

Nílẹ̀ wa níbí, ọ̀sán gangan kọ́ ni wàhálà flare máa ń pọ̀ jù. Ní aago 12 sí 1, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sórí yín gangan, ó ṣòro kó wọ lẹ́ńsì tẹ́ ẹ mú dọ́gba, wàhálà ìgbà yẹn ni òjìji abẹ́ ojú. Láti bí aago 4 lọ ló ti ń bọ̀ sílẹ̀ tó ń wo yín lójú, àárọ̀ kùtù náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lọ yàwòrán ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: ẹ ò lè sọ fún ẹlẹ́ṣin pé kó yí ẹṣin ẹ̀ síbòmíràn torí oòrùn, àwọn regberegbe (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) ń kọjá, ibi tẹ́ ẹ bá wà lẹ ti máa yà á. Irú ibẹ̀ ni hùdù ti gbọ́dọ̀ wà lórí lẹ́ńsì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Àsìkò ọyẹ́ ńkọ́? Oòrùn ò hàn dáadáa, àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi hùdù ṣe. Àmọ́ eruku ojú sánmà ti tú ìmọ́lẹ̀ ká, gbogbo sánmà ló di funfun, ìmọ́lẹ̀ ń wá látòkè àti láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi síbẹ̀.

Inú hóòlù náà wà níbẹ̀ o. Èrò pé oòrùn nìkan ni hùdù wà fún, mi ò mọ ibi tó ti wá. Ẹ gbójú sókè nínú hóòlù ìgbéyàwó: iná LED tí wọ́n so mọ́ irin, iná alárànbarà DJ tó ń yí káàkiri, chandelier, wíńdò ńlá lẹ́yìn àga tọkọtaya, ẹ wá fi iná oní-fídíò kún un. Oní-fídíò yẹn gan-an, tí wọ́n bá ń jó ijó àkọ́kọ́, á máa yí wọn po, bó bá ti bọ́ sí òdìkejì yín báyìí iná orí kámẹ́rà ẹ̀ ti kọjú sí lẹ́ńsì yín tààrà. Ẹ ò lè bá a jà, iṣẹ́ tiẹ̀ náà ló ń ṣe. Tí iná yẹn bá wà nínú fọ́tò, hùdù ò lè ràn yín lọ́wọ́, tó bá fi díẹ̀ jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, hùdù ló máa gbà yín.

Ìdí kejì tí tèmi kì í fi í kúrò lórí lẹ́ńsì

Ìdáàbòbò ni. Tí àwọn èèyàn bá ti rọ́ wá síwájú láti náwó fún ìyàwó, ìgúnpá ń fò, fóònù ń fò, ẹlòmíì á kàn jó wọ inú lẹ́ńsì yín. Hùdù ni wọ́n máa kọ́kọ́ kàn, rọ́bà ni, á tẹ̀ díẹ̀, tó bá tiẹ̀ fọ́ owó ẹ̀ ò tó nǹkan lára owó gíláàsì. Níbi ìsọmọlórúkọ, ọmọ ọdún méjì mélòó kan á wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ kan ibi tó ń dán yẹn, ọwọ́ wọn ò ní tètè débẹ̀. Tí òjò bá ń ṣẹ́ wínní-wínní, ẹ dorí lẹ́ńsì kọlẹ̀ díẹ̀, omi ò ní balẹ̀ sórí gíláàsì.

Ọ̀pọ̀ ló ń fi UV filter, gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń wé mọ́ iwájú lẹ́ńsì, ṣe irú iṣẹ́ yìí. Mi ò ní kẹ́ ẹ jù ú nù, tẹ́ ẹ bá lọ sétí òkun tí iyọ̀ àti iyanrìn ń fò, kó wà níbẹ̀. Àmọ́ gíláàsì míì lẹ fi kún èyí tó wà níbẹ̀ yẹn, iwájú kan, ẹ̀yìn kan, èyí tí kò wọ́n sì máa ń ta ìmọ́lẹ̀ padà gan-an. Nínú hóòlù tí iná kún, ẹ yọ filter, ẹ fi hùdù sílẹ̀.

Yíyan èyí tó bá lẹ́ńsì yín mu

Hùdù kọ̀ọ̀kan ní lẹ́ńsì tiẹ̀, nọ́ńbà sì máa ń wà lára ẹ̀. Ti Canon, EW wà fún lẹ́ńsì tó fẹ̀, ES fún èyí tó wà láàárín, ET fún èyí tó gùn. ES-68 ni 50mm f/1.8 STM ń lò, ET-65 III ni ti 85mm f/1.8, EW-88C ni ti 24-70mm f/2.8L II. Ọ̀pọ̀ ti Nikon ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HB, HB-47 ni 50mm f/1.8G ń lò. Orúkọ yìí lẹ máa sọ fún ẹni tó ń tà á, ẹ má kàn sọ pé ẹ fẹ́ ti 50mm, ẹ lè délé kó má wọlé.

Èyí tí wọ́n gé létí bíi òdòdó yẹn, kì í ṣe fún ẹwà. Fọ́tò ní igun mẹ́rin, ó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, igun rẹ̀ ló sì ń rí ọ̀nà jíjìn jù, tí wọn ò bá gé hùdù níbẹ̀, igun fọ́tò á ṣú. Torí náà èyí tó gùn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè àti nísàlẹ̀, èyí tó kúrú wà lọ́tùn-ún àti lósì. Tó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ kàn pa àmì méjèèjì pọ̀, ẹ lọ́ ọ, á jókòó síbi tó yẹ. Èyí tí wọ́n ń wé bí ìdérí ìgò lójú ìlà filter, tí wọ́n ń tà káàkiri, lè dúró ní ìdábùú, ẹ wá máa rí igun dúdú láìmọ ohun tó fà á. Àwọn lẹ́ńsì kan sì wà, bíi 18-55mm àtijọ́ ti Canon, tí iwájú ẹ̀ máa ń yí tó bá ń focus, olódòdó ò lè ṣiṣẹ́ fún un láéláé, róbótó ni tiẹ̀.

Èyí tí kì í ṣe ojúlówó náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó bá bá lẹ́ńsì mu. Ẹ wo inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, kó ṣú, kó má dán, torí inú tó ń dán á tún máa ta ìmọ́lẹ̀ sí gíláàsì. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ zoom síbi tó fẹ̀ jù, ẹ fi sí f/16, ẹ ya ògiri funfun. F/16 ni mo sọ, ẹ má lo f/1.8, torí tí ihò lẹ́ńsì bá fẹ̀, òjìji hùdù máa ń ṣá débi pé ẹ ò ní dá a mọ̀. Tí igun kankan bá ṣú lójijì, kì í ṣe tiẹ̀ nìyẹn, ẹ dá a padà.

Ohun kan tún wà nípa zoom. Ibi tó fẹ̀ jù ni wọ́n wọn hùdù fún, 24mm lára 24-70, torí náà tẹ́ ẹ bá dé 70mm, hùdù yẹn ti kúrú jù fún ohun tẹ́ ẹ ń yà, ẹ ṣì máa fi ọwọ́ kún un tí oòrùn bá burú. 24-70mm f/2.8L àkọ́kọ́ tí Canon gbé jáde lọ́dún 2002 nìkan ni mo rí tó gbọ́n ju ìyẹn lọ láàárín èyí tó ti kọjá lọ́wọ́ mi: ó máa ń gùn jáde tó bá wà ní 24, ó máa ń wọlé tó bá wà ní 70, ara òde tí kì í sún ni hùdù ẹ̀ sì wà, nítorí náà bó ṣe ń zoom ni hùdù ń jìn sí i fún un. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ yọ ọ́

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo fláàṣì kékeré tó máa ń yọ lórí kámẹ́rà fúnra ẹ̀, ẹ yọ hùdù, torí ó wà nísàlẹ̀ jù, hùdù á dínà mọ́ ọn, ẹ máa rí òjìji tó tẹ̀ kọrọdọ nísàlẹ̀ fọ́tò. Fláàṣì ńlá tẹ́ ẹ kọjú ẹ̀ sókè àjà kì í ṣe irú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń ya òrùka ìgbéyàwó tàbí oúnjẹ ní tòsí gan-an, hùdù lè gba ìmọ́lẹ̀ lójú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yà, tàbí kó tiẹ̀ lọ gbún un. Ẹ yọ ọ́. Polarizer náà, filter tó ń dín ìdán kù, ẹ nílò láti máa yí i, ọwọ́ ò ní wọlé. Tí kámẹ́rà bá wà lórí tripod lálẹ́ tẹ́ ẹ ń ya fọ́tò tó gba ìṣẹ́jú àáyá púpọ̀, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, hùdù ńlá á máa gba atẹ́gùn, fọ́tò á mì.

Tó bá jẹ́ pé inú gíláàsì mọ́tò tàbí wíńdò lẹ ti ń yà, hùdù olódòdó ò lè fẹnu kan gíláàsì dáadáa. Èyí tó jẹ́ rọ́bà rírọ̀ tó ń ká ni kẹ́ ẹ fi sí i, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì yẹn, àwòrán ara yín ò ní hàn nínú fọ́tò.

Tẹ́ ẹ bá sì dìídì fẹ́ kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣàn bo tọkọtaya, ó máa ń rẹwà nígbà míì, ẹ yọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Kẹ́ ẹ ṣáà kọ́kọ́ ya èyí tó mọ́ ná, torí ìyá ìyàwó máa fẹ́ rí ojú ọmọ ẹ̀ kedere.

Tí kò bá sí hùdù lọ́wọ́

Ẹ fi ọwọ́ bò ó, ẹ fi fìlà bò ó, ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ gbé agbòjò tàbí páálí dí oòrùn lójú lẹ́ńsì. Èyí tó dáa jù ni kẹ́yin fúnra yín sún, ẹ wọ abẹ́ kánópì tàbí ẹ̀yìn òpó, kí òjìji bo kámẹ́rà, kí ẹni tẹ́ ẹ ń yà wà níta nínú ìmọ́lẹ̀. Hùdù kankan ò lè ṣe tó ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù yà, bákan náà ni fún yín, àtẹ́lẹwọ́ ni hùdù yín. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tó mọ́ nu ojú lẹ́ńsì fóònù yẹn, torí òróró ìka tó wà níbẹ̀ ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè ṣíji bò ó tó tí fọ́tò ò ní funfun bẹ́ ẹ ò bá nù ún.